Ewúrẹ́ Àyálò

Àárọ̀ ni aláyẹ̀wò láti ilé iṣẹ́ ìjọba ní òun ń bọ̀. Ọ̀sán pọ́n kó tó dé, ó sì ń rìn káàkiri oko bí ẹni tí kò nílé tó fẹ́ padà sí. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó wọ bàtà òjò, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá Àlejò, bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń pe obìnrin tó ni oko náà, ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bó ti ń wo aláyẹ̀wò ló ń wo oòrùn.

Ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́yìn ilé yẹn, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí oko tirẹ̀ wà lódìkejì ọ̀nà, ló yá a ní wọn láàárọ̀, kò sì fi ọ̀yàyà yá a.

“Ewúrẹ́ jẹ, ó relé,” ni ó wí fún un. “O mọ ìyókù. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀.”

Ìyókù òwe náà ni ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ tí kò wálé, Ìyá Àlejò sì mọ ẹni tó ń pè ní ẹlẹ́dẹ̀.

Òfin tuntun ló kó o sí wàhálà yìí. Ìjọba ní ẹni tó bá fẹ́ gba àlejò sí oko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ àgbẹ̀. Ẹran gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ẹni tó ti ìgboro wá wo oko lè rí oko wò. Èyí tí kò bá ní ẹran, òtẹ́ẹ̀lì lásán ni, wọn yóò sì tì í. Kò lè bá òfin náà jà, torí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí bàbá wọn kú, òun ni wọ́n fi ilé àti ẹran sílẹ̀ fún. Ó ta ẹran, ó fi owó rẹ̀ kọ́ yàrá àlejò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sáré rà wọ́n kí alápatà tó rà wọ́n, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́. Àmọ́ yàrá wọ̀nyẹn ló ń bọ́ ọ. Bí ìjọba bá tì wọ́n, ta ni yóò gba ẹni ọjọ́ orí rẹ̀ síṣẹ́?

Aláyẹ̀wò yẹ ẹ̀rọ omi wò, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí fèrèsé, ó tì í. Ó wá béèrè ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Ìyá Àlejò nawọ́ sí àtíbàbà tó ń kó igi sí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ da koríko gbígbẹ sínú rẹ̀ láàárọ̀. Aláyẹ̀wò mi orí bí ẹni tó gbà. Ọkàn Ìyá Àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ nígbà tí aláyẹ̀wò sọ̀rọ̀.

“Màá dúró díẹ̀ sí i, mà. Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń wọlé.”

Ìyá Àlejò fi àga lọ̀ ọ́, ó fi omi tútù lọ̀ ọ́, ó ní ọ̀nà jìn, ilẹ̀ ò ní pẹ́ ṣú. Aláyẹ̀wò dúpẹ́, ó sì dúró.

Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ tán. Àwọn ewúrẹ́ gbé orí sókè. Èyí tó wà níwájú yọ gba ẹnu ọ̀nà, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n sọdá títì, wọ́n lọ. Ìyá Àlejò ní omi ni wọ́n lọ mu.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ewúrẹ́ àgbà tó ń tiro. Kò bá wọn lọ. Ó kọjá lára àtíbàbà láìwò ó, ó la àgbàlá gbígbá mọ́ kọjá, ó lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà yàrá tó dára jù nínú ilé, èyí tí kọ́tìnnì rẹ̀ funfun. Ó fi orí kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣí i, ó tún fi orí kàn án.

Ibẹ̀ ni ilé ẹran wà nígbà ayé bàbá wọn. Níbi tí orí bẹ́ẹ̀dì wà yìí gan-an ni wọ́n ti bí ewúrẹ́ yìí, tí bàbá bọ́ ẹ̀wù ọrùn ara rẹ̀ fi nù ún. Ìyá Àlejò lè lé e. Ó lè pa irọ́ mìíràn, irọ́ ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ojú tì í lójú ẹran. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn. Ewúrẹ́ náà wọlé, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri.

“Ilé rẹ̀ nìyí,” ni Ìyá Àlejò wí. “Mo tà wọ́n, mo sọ ilé wọn di yàrá. Àwọn tí ẹ rí lónìí, mo yá wọn ni.”

Aláyẹ̀wò ò bínú, ìyẹn gan-an ló dun Ìyá Àlejò jù.

“Mi ò lè fọwọ́ sí ìwé yín, mà. Ẹ má gba àlejò kankan mọ́, àfi bí oko bá di oko. Nígbà náà, ẹ ránṣẹ́ pè mí.” Ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Àlejò dé pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ó ń wá èyí tí kò wálé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Àbúrò rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Obìnrin náà ní kí ó máa mú ẹran rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́.

Ọkùnrin náà wo kọ́tìnnì, ó wo ewúrẹ́ tó ti ń jẹ etí kápẹ́ẹ̀tì. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri tí bàbá wọn mọ, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fi okùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú.

“Dìde, di apá kejì mú ká gbé e síta,” ni ó wí. “Àwọn ewúrẹ́ tó kù ń bọ̀ lọ́la, bí bẹ́ẹ̀dì bá wà níbí, wọn ò ní ráyè sùn.”