Wákàtí Kan Tó Sọnù Láàárín Lubumbashi àti Kinshasa

Ohun mẹ́ta ló bàjẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà. Yìnyín inú àpótí tí wọ́n fi gbé àyẹ̀wò ìyá mi yọ́ kó tó dé ilé àyẹ̀wò ní Kinshasa. Wọ́n da mùdùnmúdùn tí wọ́n fà nínú egungun ìbàdí ìyá mi nù. Dókítà sì ní kí Màmá padà wá dojú bolẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tún gún un, nígbà tí ojú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò tíì jiná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti Màmá lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú wa ní Lubumbashi. Ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ló fi jókòó. Mo ń ka ìwé ẹrù, mo tún ń kà á. Ọkọ̀ kúrò níbí ní aago mẹ́sàn-án, ó balẹ̀ sí Kinshasa ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ kan náà kúrò ní Kinshasa ní aago kan, ó padà dé ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ kìlómítà ni àlọ, òun náà ni àbọ̀. Ta ló fa ojú ọ̀run gùn nígbà àbọ̀?

Mo wọlé bi Papa Kyungu, tó ń di ẹrù ilé ìwòsàn.

"Atẹ́gùn ni, ọmọ mi. Ó ń tì í lọ, ó sì ń dá a dúró bó bá ń bọ̀."

"Lójoojúmọ́, Papa? Wákàtí méjì gbáko ni àbọ̀ fi gùn ju àlọ?"

"Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì! Atẹ́gùn wá fẹ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ yín ni?" Ó nawọ́ sí pátákó ara ògiri. "Wò ó: wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Àpò yìnyín kan fún wákàtí kan. Méjì ni mo fi sí i. Jàrá tiẹ̀ wà ńbẹ̀."

Orí mi dàrú. Mo tẹ ilé àyẹ̀wò ní Kinshasa láago, kí n bi wọ́n ìgbà tí àpótí dé ọ̀dọ̀ wọn gan-an.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn ná!" ni ọkùnrin kan wí. "Aago méje àbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù."

Mo gbójú sókè wo aago ògiri Papa Kyungu: mẹ́jọ àbọ̀.

Ta ni kò mọ̀ nílùú yìí pé aago Kinshasa fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa? Ojoojúmọ́ la ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kì í tètè jí. Síbẹ̀, ẹnì kan yọ aago tiwa kúrò nínú aago tiwọn, ó kọ ọ́ sára pátákó, èmi náà sì fọwọ́ sí ìwé ẹrù. Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ ń lò, àlọ àti àbọ̀; àpò yìnyín méjì kò lè tó o.

Mo ṣàlàyé. Papa Kyungu ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó pàdánù òǹkà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbéra ní mẹ́sàn-án, ó balẹ̀ ní mẹ́wàá kọjá ogún. Wákàtí wo ló tún kù?"

"Láti ìgbà wo ni pátákó yìí ti wà níbẹ̀?"

"Mo bá a níbí ni. Ọdún mẹ́fà rèé."

Ọdún mẹ́fà. Èèyàn mélòó ni wọ́n ti gún lẹ́ẹ̀mejì?

"Papa Kyungu, ẹ yọ pátákó yẹn, kẹ́ ẹ gbé e dání. Ìyá mi wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Ẹ jáde wá báyìí, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ fún un ìdí tí wọ́n fi máa tún gún un lọ́la."