Kẹ́ẹ̀gì Omi Tí A Gbé Lọ sí Káńsù

Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà máa wá ẹni tí ẹ máa bú kiri.

Ní àwọn ọdún tí sáàpù, ètò ìjọba ológun tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, ń le bọ̀ yẹn, ilé Bàbá Àbúdù ni mo ń gbé ní Agége. Yàrá mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, kànga kan ṣoṣo sì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń rẹ aṣọ láró ló wà lẹ́yìn ògiri wa. Nígbà tó yá, gọ́tà wọn là, omi aró bá ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú kànga. Tí a bá fa omi láàárọ̀, á rí búlúù bíi yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé. Omi mímu di ohun tí à ń rìn jìnnà lọ pọn, ṣùgbọ́n omi wíwẹ̀ ńkọ́? Sọ̀fíyàt, ọmọ ọdún mẹ́rin tó wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi, fi omi náà wẹ̀, ara rẹ̀ sì sú láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ìbísọ́lá, á fi òróró àgbọn pa á lára, ọmọ á máa họra títí oorun á fi gbé e lọ.

Ìbísọ́lá ló gbọ́ pé káńsù máa ń pe ará ìlú sí ìpàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ wo aago tí wọ́n yàn! Aago mẹ́wàá, gbogbo ayálégbé àdúgbò wa ti wà nídìí ẹ̀rọ ní Oregun tàbí ní Ìlúpéjú. Àwọn onílé nìkan ló ń ráyè lọ. Bàbá Àbúdù kì í pa á jẹ. Á wọ agbádá, wọn á fún un ní àga iwájú, á mu mínírà tútù, á padà wálé.

Ìbísọ́lá á bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ sọ ti kànga fún wọn?"

"Ìyá Sọ̀fíyàt, ó yẹ kí o mọ̀. Alága káńsù ń kí mi níwájú ẹgbẹ́ mi, ó ń bá mi rẹ́rìn-ín, kí n wá dìde kí n máa rojọ́ omi? Ní sùúrù."

Oṣù mẹ́ta ni Ìbísọ́lá fi ní sùúrù. Nígbà tó di ìkẹrin, ó ní òun á lọ fúnra òun. Náìtì ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì, láti ibẹ̀ ló sì máa lọ sí ìpàdé tààrà. Ó wá bẹ èmi tí mo wà ní ọ́ọ̀fù lọ́jọ́ náà pé kí n pọn omi kànga sínú kẹ́ẹ̀gì, kí n gbé e pàdé òun ní gbọ̀ngàn káńsù.

"Bọ̀dá Ezekiel, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dànù o. Tí wọ́n bá fi ojú ara wọn rí i, wọn ò ní lè sọ pé mo ń purọ́."

Mo fi bébà sìmẹ́ńtì wé kẹ́ẹ̀gì náà, mo fi okùn so ó dáadáa, nítorí kọ̀ndọ́kítọ̀ kì í fẹ́ ohun tó ń jò nínú ọkọ̀. Mo débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Akọ̀wé káńsù, Ọ̀gbẹ́ni Johnson, jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni iṣu wà, àti ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti àkùkọ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ilé ta lẹ ti wá?"

"Ilé Bàbá Àbúdù, sà."

"Kí lẹ gbé wá fún Alága?"

Lábúlé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í lọ kí olóyè lọ́wọ́ òfo. Ojú tì mí. Kí n tó ro ó wò, ọwọ́ mi ti na kẹ́ẹ̀gì sí i. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e kalẹ̀, mo tún tẹrí ba.

Akọ̀wé gbé e wò bóyá ó wúwo. "Epo pupa?"

Mo ní, "Hùn."

"Ẹ ṣeun." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé e wọ sítọ́ọ̀.

Nígbà tí Ìbísọ́lá dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí àìsùn, ìyẹ̀fun bisikíìtì ṣì wà lẹ́bàá etí rẹ̀.

"Kẹ́ẹ̀gì dà?"

"Wọ́n ti gbé e wọlé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mo fi èyí tó kù pamọ́, mo wá àga fún un.

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Alága tí àwọn ológun yàn fún wa jókòó lókè, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Onílé mọ́kànlá ló sọ̀rọ̀. Oníkálukú kọ́kọ́ kí Alága, ó kí ìyàwó rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ó kí ìjọba, ó kí àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú, ó wá jókòó. Ìbísọ́lá nawọ́ títí apá fi ro ó. Ọ̀gbẹ́ni Johnson rí i nígbẹ̀yìn.

"Màdáámù, ṣé onílé ni yín?"

"Ayálégbé ni mí."

"Onílé ló ń sọ̀rọ̀ fún ilé. Ẹ jẹ́ kí Bàbá yín sọ ọ́."

Bàbá Àbúdù dìde, ó gbé agbádá sí èjìká. "Ilé wa ń kí yín o, Alága." Ó jókòó.

Akọ̀wé wá ń ka ẹ̀bùn. "Ilé Bàbá Àbúdù, kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Àbúdù tí kò mọ nǹkan kan nípa epo tún dìde, ó tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìbísọ́lá yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. "Bọ̀dá Ezekiel. Epo wo?"

Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó ti yé e. Ó dìde, kò nawọ́ mọ́.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ẹ̀bùn wa padà."

Ta ló ń gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ ẹni tó wà nípò? Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn pé, "Obìnrin yìí ò lẹ́kọ̀ọ́!" Ẹlòmíì ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́!" Bàbá Àbúdù ń fa ìró rẹ̀, "Jókòó, o fẹ́ dójú tì mí ni?"

Alága gbójú kúrò lára aago. "Ẹ bá a gbé e wá."

Wọ́n gbé e dé. Ìbísọ́lá fa bébà ya, ó ṣí i, ó sì da omi sínú ife dígí tó wà níwájú Alága. Búlúù. Òórùn kẹ́míkà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ohun tó wà nínú kànga wa nìyí, sà. Òun lọmọ mi fi ń wẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wa ló ń dà á sí wa. Oṣù kẹrin rèé."

Alága wo ife náà, kò fọwọ́ kàn án. "Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. A máa wò ó." Ó dìde, ó ní wọ́n ń retí òun ní Aláúsá.

Ìbísọ́lá kò lọ. Ó lọ dúró sẹ́yìn Ọ̀gbẹ́ni Johnson, ó ń ka ohun tó ń kọ. *Bàbá Àbúdù, onílé, sọ̀rọ̀ nípa kànga.*

"Èmi ni mo sọ̀rọ̀."

"Màdáámù, 'orúkọ onílé' ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Kò sí àyè ayálégbé."

Bàbá Àbúdù dá sí i. "Ṣebí ilé kan náà ni? Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìbísọ́lá gba báírò lọ́wọ́ akọ̀wé. Ní etí bébà, níbi tí kò sí ìlà, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ÌBÍSỌ́LÁ, AYÁLÉGBÉ, YÀRÁ KARÙN-ÚN. Ó dá báírò padà, ó jáde.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì tẹ̀lé e délé. Sọ̀fíyàt jókòó sí ojú ọ̀nà, ó ń họ orúnkún. Ìyá rẹ̀ gbé e, ó wo ara rẹ̀ yíká, ó wá gbójú sókè sí mi.

"Oṣù tó ń bọ̀," ó ní, "ẹ má wé nǹkan kan mọ́ kẹ́ẹ̀gì náà."