Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Kọ Sínú Káàdì

Láti ìgbà tí obìnrin onífọ́ọ̀mù yẹn ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ni ara ti ń fu mí. Ta ló ń bọ́ bàtà nílé onílé láìjẹ́ pé wọ́n ní kó bọ́ ọ, bí kì í bá ṣe ẹni tó fẹ́ pẹ́? Ó jókòó sórí àga tí mo fẹ́ràn, ó kó bíírò mẹ́ta jáde. Èèyàn kan, bíírò mẹ́ta.

Ó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ló rán òun wá. Wọ́n ń wádìí ohun tó ń mú kí ọpọlọ ọmọ jí pépé: ṣé ọmú ìyá ni, ṣé ìwé tí ìyá kà ni, àbí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé.

“Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?” mo bi í.

“A ò tíì mọ̀, Màmá.”

“Wọ́n sì ń san owó oṣù fún yín?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ní tèmi, mo ti mọ̀ tipẹ́. Ọmọ ọmọ mi pé ọdún mẹ́ta, kò tíì sọ ju “rárá” àti “omi” lọ. Dákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo ń pè é. Oṣù mẹ́ta péré ni ìyá rẹ̀ fi ọmú sí i lẹ́nu kó tó sáré padà sẹ́nu iṣẹ́, níbi tó ti ń yẹ omi ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó ṣí i sí ilé àwọn èèyàn. Lẹ́yìn náà, ó ní òun ń fún ọmú sínú ìgò níbi iṣẹ́, òun sì ń gbé e wálé. Mo gbóòórùn ìgò yẹn, mo tiẹ̀ tọ́ ọ wò. Mi ò gbà. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Ipò kìíní ni ọmọ tèmi máa ń gbà nílé ìwé, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé ọmú mi ló ṣe é. Èmi ni mo sọ fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń sọ ọ́ sétí ọmọ mi pé kí ìyàwó rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, kó jókòó ti ọmọ, kí tiwa má di ẹlẹ́yà. Ọmọ mi, tó ń tún ẹ̀rọ agbéniròkè ṣe nínú àwọn ilé gíga, ti ń gbà sí mi lẹ́nu. Ní Sátidé ọjọ́ yẹn, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń gbọ́ wa.

“Màmá, ibo lẹ kàwé dé?”

“Ẹnu ọ̀nà. Mo sin àbúrò mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, mo sì padà.”

“Ọmọ yín yìí, oṣù mélòó lẹ fi fún un lọ́mú?”

“Ọdún kan àbọ̀.”

Mo dáhùn kó tó pa ẹnu dé. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń sọ ọ́. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu, àmọ́ irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Alágbàfọ̀ ni mí nígbà náà, nílé ìtura kan, ọ̀gá wa kì í dúró de ẹni tó bímọ. Bí mo ṣe padà sídìí aṣọ ibùsùn ni ọmú gbẹ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi bàbá ọmọ, ó sì ti kú.

Obìnrin onífọ́ọ̀mù ní ọkàn máa ń gbàgbé, ṣé mo ṣì ní káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí nígbà náà? Àbí ó ń pè mí lópùrọ́ ni? Inú bí mi. Mo wọ yàrá, mo gbé e jáde nínú ọ̀rá tí mo fi tọ́jú rẹ̀. Ìwọ̀n ọmọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo rò pé ó wà níbẹ̀. Kí lèmi fẹ́ mọ̀?

Nígbà tí mo fi jáde, obìnrin náà ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú Dákẹ́jẹ́ẹ́, ó ń wò ó bó ṣe ń to búlọ́ọ̀kù onígi. Ó ní kí ìyàwó ọmọ mi, tó dúró tì wọ́n, bá òun ka káàdì náà sókè.

Ìyàwó ṣí i. Ojú rẹ̀ dúró sójú kan. Ìgbà yẹn ni mo rántí nọ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó máa ń bi mí lóṣooṣù pé, “Kí lọmọ ń mu?” tó sì máa ń kọ nǹkan bí mo bá ti ní, “Mílíìkì inú agolo.” Inú ìwé tirẹ̀ ni mo rò pé ó ń kọ ọ́ sí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi sì ti lọ ju ogún lọ.

Ìyàwó gbójú sókè, ó wò mí. Mo ní nínú ara mi pé ọjọ́ ẹ̀san dé.

“Ọmú,” ó ní. “Oṣù kejì, ọmú. Oṣù kẹta, ọmú.”

Ó kà á bẹ́ẹ̀ títí dé oṣù kejìdínlógún, ó dá a padà sínú ọ̀rá, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Obìnrin tó máa ń da omi àyẹ̀wò odindi ọjọ́ kan nù níbi iṣẹ́ nítorí nọ́ńbà kan tó ṣì, òun ló ń parọ́ nítorí mi! Kí ló ń wá lọ́wọ́ mi? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó fẹ́ tọ́jú àṣírí yìí ni, kó lè máa fi mú mi. Mo ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ bóyá á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nu ẹnu ọmọ rẹ̀.

“Ṣé o gbọ́?” ọmọ mi sọ fún un láti ìdí fèrèsé. “Ọdún kan àbọ̀. Tòun ti iṣẹ́ alágbàfọ̀! Tó bá di Mọ́ńdè, kọ̀wé fún wọn pé o ò ṣe mọ́.”

Gbólóhùn kan péré ni ìyàwó ì bá sọ, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Káàdì wà lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ wò ó. Ọmọ ló ń wò.

“Mo ti gbọ́,” ó ní.

Ojú tì mí.

“Pa á rẹ́,” mo sọ fún obìnrin onífọ́ọ̀mù.

“Kí ni, Màmá?”

“Ọdún kan àbọ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Agolo ni mo fi tọ́ ọ.”

“Màmá!” Ọmọ mi dìde.

“Jókòó. Agolo ni mo ní. O sì lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta àbọ̀ kó o tó pè mí ní màmá. Bàbá rẹ ti gbà pé odi ni ọ́. Ta lo rò pé Dákẹ́jẹ́ẹ́ fi jọ?”

Obìnrin onífọ́ọ̀mù fa ilà sórí ohun tó kọ. Ó ní ọmú dára fún ara ọmọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ tó bá di ti ọpọlọ, bí àwọn bá ti ka ìwé tí ìyá kà àti ohun àjogúnbá mọ́ ọn, ìyókù tó jẹ́ ti ọmú nìkan kì í pọ̀ tó bí èèyàn ṣe rò. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú ọmọ lọ yẹ etí wò, kí ẹnikẹ́ni má sì fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí fọ́ọ̀mù òun. Ọmọ mi jókòó. Kò dárúkọ Mọ́ńdè mọ́.

Mo yíjú sí ìyàwó. “Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?”

“Mílíìkì inú agolo, mà. Láti oṣù kejì.” Ó na ìka sí ọ̀rá ọwọ́ mi. “Nísàlẹ̀, nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì yòókù pé, ‘Ìyá yìí ń gbìyànjú gan-an. Ẹ má bá a wí.’”

Mo fura. Ẹni tó ti parọ́ nítorí mi lẹ́ẹ̀kan, kí ni kò ní jẹ́ kó tún un pa? Mo yọ káàdì, mo gbé e fún obìnrin onífọ́ọ̀mù, tí kò mọ̀ mí rí, tí kò sì nídìí tó fi máa pọ́n mi lé.

“Ìwọ kà á. Ìsàlẹ̀ yẹn.”

Ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. “‘Ìyá yìí ń gbìyànjú gan-an,’” ó ní. “‘Ẹ má bá a wí.’”

Ọdún méjìdínlógójì ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. Mo gba káàdì náà padà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dákẹ́jẹ́ẹ́, mo fa ìyàwó ọmọ mi lọ́wọ́ kó jókòó tì mí. Mo fi káàdì lé e lọ́wọ́, mo ní kó tún un kà fún mi.