Èsì Àyẹ̀wò Tí Wọ́n Fi Di Ọ̀jọ̀jọ̀

Ẹ̀jẹ̀ Morádékẹ́ ti dé ilé àyẹ̀wò ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó bá a nínú ìgò kékeré, ó jókòó sórí àga kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tò lé itan. Ẹ má bi mí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ní itan; ó ní itan lọ́jọ́ náà. Ó sún díẹ̀ kí Morádékẹ́ lè ráyè, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ò tètè dé." Morádékẹ́ ní kó má bínú, gèlè lòun ń tún wé. Wọ́n jọ jókòó.

Morádékẹ́ kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń wá, ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ọlọ́jọ̀jọ̀, kú lọ́mọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, nígbà tí Morádékẹ́ wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ẹbí ní àìsàn ránpẹ́ ni. Àwọn mìíràn ní ayé ni. Dókítà kankan ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ní báyìí Morádékẹ́ náà ti pé mọ́kànléláàádọ́ta, ó ku ọjọ́ méjìlá péré kó dàgbà ju ìyá tó bí i lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tó pa ìyá náà, kó lè mọ ohun tí òun yóò máa wá nínú ẹ̀jẹ̀ ara òun. Kò sí ohun mìíràn tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀.

Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ àwọn èsì rẹ̀ sí. Ti ṣúgà dára, ti ọ̀rá dára, ẹ̀jẹ̀ kò ru. Ti kíndìnrín nìkan ló ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà mẹ́ta sẹ́yìn. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò ọjọ́ náà ló máa jẹ́ kó dá a lójú, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé omi nìkan ló lè fi kan ẹnu. Ẹni tó bá jẹun, wọ́n á dá a padà sílé, ó sì di oṣù mẹ́ta mìíràn.

Sístà tó ń gba ẹ̀jẹ̀ yọjú, ó fi abẹ́rẹ́ há etí bí káfíńtà ṣe ń fi pẹ́ńsù há tirẹ̀. Ó ní kí Morádékẹ́ máa bọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, òórùn oògùn apakòkòrò gba gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n ti ń lọ, òórùn náà di ti epo gbígbóná, ògiri funfun di dúdú fún èéfín, ilẹ̀ dídán di ilẹ̀ amọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé yàrá tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ jókòó nídìí ààrò, ó ń dín ọ̀jọ̀jọ̀.

Kò ya Morádékẹ́ lẹ́nu. Ó mọ̀ pé ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì tí ìyá òun ti kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí kéèyàn máa rán ìyá rẹ̀ létí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Àwẹ̀ró, o ti rù," ni ìyá náà wí.

Kò sí ẹni tó tún fi oríkì náà pè é láti ìgbà tí ìyá ti lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Sístà wo ìyá, ó wo ọmọ. Ọjọ́ orí kan náà ló wà lójú àwọn méjèèjì. "Ẹ̀yin ìbejì," ó ní, "ta ni Táyé, ta ni Kẹ́hìndé?"

"Ọmọ mi ni," ni ìyá wí.

Sístà wo ewú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Morádékẹ́. Ó ní bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn.

Morádékẹ́ rí i pé àyè nìyí, àyè tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín díẹ̀."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ wò ó ni."

"Wọ́n fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀! Wọn ò ríṣẹ́ ṣe lónìí, àbí?" Ṣùgbọ́n ó na apá òsì sí Sístà, ó ń fi ọ̀tún yí ọ̀jọ̀jọ̀ lójú epo. "Ṣe kíá o. Ohun tí mo gbé kaná kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀jẹ̀ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, Sístà sì gbé ìgò rẹ̀ ti ìgò Morádékẹ́, tó ti tẹ̀ lé wọn wọlé, lórí pẹpẹ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ kúnlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ní kó dìde, ó béèrè àlàáfíà ilé. Lẹ́yìn náà wọ́n forí korí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Morádékẹ́ rọra sún mọ́ wọn, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá ìyọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló gbọ́, pé, "Ó mà jọ tèmi o." Bí wọ́n ti rí i, wọ́n dákẹ́.

Orí ọlọ ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò wà. Sístà da ẹ̀jẹ̀ ìyá sí i lẹ́nu, ẹ̀rọ náà tọ́ ọ wò, ó wúkọ́, ó ní èyí ti pẹ́ nílẹ̀ o. Lẹ́yìn náà ó yọ ìwé funfun kan jáde lẹ́nu. Kí Morádékẹ́ tó na ọwọ́, ìyá ti já ìwé náà gbà, ó kó ọ̀jọ̀jọ̀ márùn-ún sí i, ó sì dì í.

Ìyá kò mọ̀wé kà, ẹ má dá a lẹ́bi. Ìwé yòówù tó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ọ̀jọ̀jọ̀ ló fi ń dì. Ọdún tí Morádékẹ́ gba ipò kìíní ní kíláàsì, bàbá oníkẹ̀kẹ́ kan ló gbé káàdì ìdánwò náà lọ, ọ̀jọ̀jọ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Morádékẹ́ sunkún títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú, ìyá sì ń bi í pé ṣé ipò náà kò sí nínú orí rẹ̀ mọ́ ni.

Morádékẹ́ gba ìwé èsì náà, ó tú u. Epo ti wọ̀ ọ́, ọ̀jọ̀jọ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ó fẹ́ ṣí ọ̀kan kúrò, àwọn lẹ́tà náà ń bá a bọ̀ lẹ́yìn. "Fi wá sílẹ̀ o," ni ọ̀kan nínú wọn wí. Ó gbé òmíràn sílẹ̀ lórí àwo, ọ̀jọ̀jọ̀ náà fò padà sí àyè rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa tú oúnjẹ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà?" ni ìyá wí. "Jẹ ẹ́ jàre. Ìwé ò ní sá lọ."

"Màmá, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ jẹun."

"Ta ni wọ́n?"

Sístà gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Morádékẹ́ rántí ìkìlọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, pé kéèyàn má ṣe gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ. Ó rántí ti ilé àyẹ̀wò, pé kéèyàn má ṣe gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ń wò ó láti orí pẹpẹ, ó ń mi orí. Bó bá jẹ ẹ́, kò ní mọ tirẹ̀ lónìí. Bí kò bá jẹ ẹ́, kò ní mọ ti ìyá láéláé. Ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lábẹ́ ọ̀jọ̀jọ̀ márùn-ún yìí. Háà, ta ló máa fara dà á? Ó mú ọ̀kan, ó jù ú sẹ́nu.

Bó ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ ló rí: eteetí rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀, ata rẹ̀ ń ta nígbà tó bá ti dé ọ̀fun. Ó ti gbìyànjú láti dín irú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, kò bọ́ sí i rí. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Ṣúgà, bó ti yẹ. Ó jẹ èkejì. Ọ̀rá, bó ti yẹ. Ó máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí odò. Ó jẹ ẹ̀kẹta. Ẹ̀rín, ó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. Ó jẹ ẹ̀kẹrin. Kíndìnrín, ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyókù sì wọ abẹ́ ẹ̀karùn-ún lọ.

Ó na ọwọ́ sí i. Ìyá gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e.

"Màmá, kí ló ṣe yín?"

Ìyá fi ọwọ́ kejì pa iná ààrò, ó nù ún mọ́ ìró. Ó ní, "Ó rẹ̀ mí, Àwẹ̀ró. Ó rẹ̀ mí fún odidi ọdún kan, mo sì ń sọ fún yín pé oorun ni. Ẹsẹ̀ mi wú, mo fi ìró bò ó."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ń múra ìdánwò."

Inú bí Morádékẹ́. Inú bí i gan-an, ìbínú náà ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógójì, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìdánwò wo? Ìdánwò wo, Màmá? N bá jókòó tì yín. N bá gbé yín lọ síbi tó yẹ. Ara òkú yín ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ wíwú yẹn!"

Ìyá kò jiyàn. Ó ní, "Dídùn ńkọ́? Kí lo sọ fún un?"

Dídùnolú ni ọmọ kan ṣoṣo tí Morádékẹ́ bí. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì.

"Dídùn ń múra ìdánwò," ni Morádékẹ́ dáhùn. Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ojú sì tì í.

Ìyá gbé ọwọ́ kúrò. Morádékẹ́ mú ẹ̀karùn-ún, ó tóbi ju àwọn yòókù lọ, ó tì í bọ ẹnu. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Epo ti jẹ ìwé náà tán níbẹ̀, ihò ló kù. Ó gbé ihò náà sójú, ó rí yàrá tí wọ́n ti ń dúró de àyẹ̀wò lódì kejì. Obìnrin kan tó ti hewú jókòó sórí àga kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìwé kékeré tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì kọ nǹkan kan sí i. Sístà ń bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mọ́kànléláàádọ́ta."

"Kí lẹ fẹ́ kí a yẹ̀ wò?"

"Ohun tó pa ìyá mi ni mo fẹ́ mọ̀," ni obìnrin náà wí. "Kò sọ nǹkan kan fún mi."

Ohùn Dídùn ni. Morádékẹ́ fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀jọ̀ kún un lẹ́nu, kò ṣeé jẹ, kò ṣeé mì, ó sì ń tóbi sí i. Obìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀, ó ń wá bírò. Morádékẹ́ ki ìka bọ inú ihò náà, ó ń fà á ya, ó ń kígbe láìsí ohùn.

Ó jí. Dídùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ọmọ ọdún méjìlélógún, kò sí ewú kankan lórí rẹ̀, ìwé ìdánwò wà lábíyá rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀ ń ké. Kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sí" ni Morádékẹ́ máa ń fi dá ìbéèrè yẹn lóhùn. Ó ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì, ó ká aṣọ ìbora kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó ti wú, ó sì ní kí ọmọ náà wò wọ́n.