Fáìlì Tó Gbá Àwọn Kẹ́hìndé Lọ

"Ẹ wò ó, Mà." Olúwọlé tún táì rẹ̀ fà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. "Mi ò ní í tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Mo ti to gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan. Orúkọ fáìlì yẹn nìkan ni màá pè, ẹ̀rọ á máa ṣe wọ́n tẹ̀ léra."

Mátírọ̀nì Bertha, tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà l'Ọ́rányàn, fọwọ́ lẹ́rán. "Ṣé o ti kọ́kọ́ dán an wò?"

"Mà, kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọbẹ̀ tí èèyàn ń tọ́ wò."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi tẹ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ láti ọdún 1960 títí di 1996. Àwọn orúkọ kan ṣèèṣì wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà ni Olúwọlé ṣe kọ ọ́ sínú fáìlì pé: ibi tí ìyá kan náà àti ọjọ́ ìbí kan náà bá ti yọjú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ̀rọ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, kó pa ìkejì rẹ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn ní kó tìlẹ̀kùn, kí ohunkóhun tó bá ti parẹ́ má ṣe padà.

Ó pe fáìlì náà. Ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lójú dúdú ẹ̀rọ, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí èrò tó ń jáde nílé ọ̀fọ̀. Nígbà tó dúró, orúkọ ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá ti lọ. Olúwọlé rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àfi bí Sìdí, oníṣòwò ará Bẹyẹrúnká, ṣe wọlé pẹ̀lú àwọn ìbejì rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Iléèwé ní kó mú ìwé ọjọ́ ìbí wọn wá.

"Táyé rè é," ni Olúwọlé wí. Ó wá Kẹ́hìndé. Kò sí. Ó tún un tẹ̀. Kò sí.

"Kò sí bí i ti báwo, bọ̀dá?" Ohùn Sìdí wálẹ̀. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí wọn. Àbí ẹ fẹ́ sọ pé ọmọ mi lọ ra iyọ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn tí ìbejì kan bá papò dà. A kì í dárúkọ ikú mọ́ ọn. Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ di ọwọ́ èkejì rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ ojú dúdú náà.

"Ibo lẹ gbé mi lọ?"

Olúwọlé tún ohun tó kọ sínú fáìlì kà. Ìyá kan náà, ọjọ́ kan náà! Gbogbo ìbejì tí wọ́n bí nílé yìí! Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n ti gbá gbogbo Kẹ́hìndé dànù.

Láìrò ó, ọwọ́ rẹ̀ tẹ orúkọ ìyá tirẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí yìí ni wọ́n bí òun náà sí. Ìlà kan ṣoṣo yọ: Táíwò, ọkùnrin, 1968. Táíwò tó lọ ra iyọ̀ lọ́mọ oṣù mẹ́jọ ló jókòó síbẹ̀ gedegbe. Kẹ́hìndé Olúwọlé, alátáì, kò sí níbì kankan.

"Olúwọlé, kí ló dé?" ni Mátírọ̀nì bi í.

Ó tú táì náà. "Mà, èmi ni mo pa wọ́n rẹ́. Mi ò dán an wò."

Ó gbé àwọn ìwé ńlá àtijọ́ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbọn eruku wọn, ó sì tẹ orúkọ ọmọ Sìdí padà. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé ọdún 1968. Orúkọ méjì ló fara ti ara wọn níbẹ̀.

"Táyé," ó pe èkejì tirẹ̀, jẹ́jẹ́. Láti kékeré, kò pè é rí.

"Ṣé kí n máa ka tìẹ fún ọ, kí o tẹ̀ ẹ́?" ni Mátírọ̀nì wí.

"Ó tì, Mà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn kọ́kọ́ wọlé. Èmi ni màá gbẹ̀yìn."