Òfin Ẹ̀ka Kan, Ìtẹ́ Kan

Igi àràbà kan wà tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju àgbàlá baálẹ̀ lọ, tí orí rẹ̀ sì ga débi pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ a ti fi òjò wẹ̀ tán kí ará ilẹ̀ tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ìlú ẹyẹ ni. Òkè-Àràbà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kín ni ọba wọn, orí ẹ̀ka tó ga jù lọ ni ààfin rẹ̀ wà, àwọn onílé ló sì para pọ̀ di ìgbìmọ̀. Ẹni tí kò bá ní ihò tàbí ìtẹ́ lórí igi náà kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ìlú, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó. Lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, onílé kọ̀ọ̀kan a kó ẹyìn pípọ́n lọ sí ààfin gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀. Bí ilé bá ṣe níyelórí tó ni ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Òfin kan ga ju gbogbo òfin lọ níbẹ̀: ẹ̀ka kan, ìtẹ́ kan. Wọ́n ní láyé àwọn baba ńlá wọn, ẹ̀ka kan já, ó sì pa àwọn tó wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ẹ̀ka náà ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi dẹ́rù ba ọmọdé, ó máa ń bá a dàgbà ni.

Nígbà tí igbó ṣì wà, òfin náà kò ni ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí kò bá rí àyè ní Àràbà a gba orí ọ̀pẹ lọ, a gba orí ìrókò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò níyẹ̀ẹ́ wọ igbó, wọ́n gé èyí tí wọ́n lè gé, wọ́n sun ìyókù, gbogbo ẹyẹ sì kọjú sí Àràbà. Ihò tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Inú àwọn onílé ń dùn. Wọ́n ń sùn, wọ́n ń jí, ilé wọn ń gbówó lórí, wọn kò sì gbé igi kan lélẹ̀ láti tún un ṣe.

Ìyá Àtíòro wà lára wọn. Opó ni, àgógó ẹnu rẹ̀ ti ń wúwo fún un láti gbé, ìyẹ́ rẹ̀ kò sì lè gbé e jìnnà mọ́. Ihò kan ló ní lórí ẹ̀ka tó kọjú sí ìlà oòrùn. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bí i sí, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí, ibẹ̀ ni òun náà sì fẹ́ kú sí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Àwòdì tí í ṣe agbowó-òde ọba bà sẹ́nu ihò náà.

Ó ní, "Ẹ kú ilé o, ìyá. Ayọ̀ ni mo mú wá. Ihò yín ti di ohun ńlá! Ìṣákọ́lẹ̀ yín lọ́dún yìí jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti èṣí."

Ìyá Àtíòro wo àjà ihò rẹ̀, ó tún wo Àwòdì. "Ta ló sọ ọ́ di ńlá? Ihò èṣí náà ni. Kò fẹ̀ sí i, ó tún ti ń jò."

"Ohun tí ẹlòmíràn máa san láti gbà á ni à ń wò, ìyá."

"Ẹlòmíràn wo? Ṣé mo ní mo fẹ́ tà á ni?"

"Bí ẹ kò bá rí i san kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ìlú á gbà á, a ó sì fún ẹni tó lè san." Àwòdì sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ tọ́jú. "Ẹ má bínú o. Nǹkan tó tún burú wà. Ẹ̀ga ti gbé ẹjọ́ lọ bá Kábíyèsí pé kí a fagi lé òfin ẹ̀ka kan, ìtẹ́ kan. Bí àwọn aláriwo yẹn bá wọlé, iyì ihò yín wọmi nìyẹn. Ẹ wá bá wa dúró ní ìgbìmọ̀, àgbà ni yín, wọ́n á gbọ́ tiyín. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ẹ má jẹ́ ká gbọ́ pé ẹ ní ààtàn lẹ̀ ń lọ."

Ẹ gbọ́ ẹnu ẹni tó ń pa òwe òròmọdìẹ! Àmọ́ jìnnìjìnnì ti bo ìyá àgbà, kò rántí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó gbà, ó ní òun á dìde sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àwẹ̀ró, gbé èso wá fún un bó ti máa ń ṣe. Inú igbó ẹ̀gún ni Àwẹ̀ró àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, lẹ́bàá oko àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì, nítorí pé wọn kò rí àyè ní Àràbà. Lọ́dún tó kọjá, ejò gun ẹ̀gún náà, ó sì jẹ gbogbo ẹyin rẹ̀. Oyún ẹyin tún ti wà nínú rẹ̀ báyìí.

Ìyá rẹ̀ ròyìn gbogbo ohun tí Àwòdì wí. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ tán, ó yọjú wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín yìí, ta ló ń gbé e?"

"Kò sẹ́nìkan. Òfin ni, ọmọ mi. Ẹ̀ka kan, ìtẹ́ kan."

"Ẹ̀ka yín náà ni, àbí?"

"Ẹ̀ka mi ni."

"Ọmọ yín sì ni mí." Ó kí ìyá rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó sì fò padà sínú ẹ̀gún. Ìyá Àtíòro kò lè jẹ èso náà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ ayé òde òní kò mọ ohun tí òfin jẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ihò kékeré náà.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Àwọn onílé jókòó yí ọba ká, Ẹ̀ga sì dúró níwájú wọn bí ẹni tó wá tọrọ iná. Àwòdì ló kọ́kọ́ dìde.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí ìyẹ́ pẹ́ lára. Àwọn baba wa kì í ṣe òmùgọ̀ tí wọ́n fi ṣòfin. Ẹ̀ka já níjọ́sí, ẹ̀ka tún lè já lónìí. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwa kò sì lé ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra. Kí Ẹ̀ga fò lọ síbi tí àyè gbé wà."

Àwọn onílé mi orí. Ọba yọ̀ǹda fún Ẹ̀ga.

Ẹ̀ga ní, "Kábíyèsí o. Òótọ́ ni Àwòdì sọ, ojú ọ̀run tó wa í fò. Ṣùgbọ́n a kì í yé ẹyin sójú ọ̀run. Láàárọ̀, àwa là ń ṣa kòkòrò kúrò lára ewé Àràbà. Títí di ọ̀sán, ìlú yìí mọ̀ wá. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, wọ́n á ní ká máa lọ. Orí eèsún etí odò là ń gbé, ọdún kì í yípo kí odò má gbé ìtẹ́ lọ, kó má gbé ọmọ lọ. Ilé tiwa kì í jókòó lé ẹ̀ka lórí, abẹ́ rẹ̀ ló ń rọ̀ sí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni dìde fún wa. Abẹ́ ẹ̀ka la tọrọ."

Àwòdì rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wọ̀ wọ́n lára, ó yára ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí Ìyá Àtíòro sọ tẹnu wọn. Àgbà mọ ohun tí ẹ̀ka lè gbé."

Ìyá Àtíòro dìde. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, àsìkò tí àwọn lékèélékèé máa ń ti ibi tí màlúù gbé ń jẹko bọ̀. Àlejò ni wọ́n, wọn kì í kọ́lé, wọ́n kàn ń sùn ni. Wọ́n yọ láti ìwọ̀ oòrùn, wọ́n rọ́ wọ orí Àràbà, àádọ́ta síhìn-ín, ọgọ́rùn-ún sọ́hùn-ún, títí gbogbo ẹ̀ka fi funfun. Àwọn onílé sún fún wọn bí wọ́n ṣe ń sún fún wọn lójoojúmọ́, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn sún. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Àwòdì sì ń lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, wọ́n ń gba tata sísanra lọ́wọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan, owó oorun.

Ìyá àgbà ti la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ tó ti gbá jọ sọ mọ́. Ó ń wo ẹ̀ka tirẹ̀. Lékèélékèé ti bò ó. Ọ̀kan tilẹ̀ ti wọ inú ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó ń tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe.

"Kábíyèsí," ó ní, "ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo gbé wá sọ, ṣùgbọ́n ojú mi ti rí nǹkan. Ẹ bá mi wò wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, alaalẹ́ ni wọ́n ń sùn síbí. Ẹ̀ka wo ló já? Ẹ̀ka tó ń gbé ọgọ́rùn-ún àlejò, ẹ ní ọmọ mi kan ṣoṣo á dá a! Ọmọ mi wà nínú ẹ̀gún, ejò ń jẹ ẹyin rẹ̀. Ihò ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń ṣọ́ ọ, mo ń pe ìyẹn ní òfin. Wọ́n sì ní ihò mi níye lórí. Kábíyèsí, ṣé iye yẹn ni n ó jẹ ni? Àìtó ilé ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, ọ̀wọ́n rẹ̀ náà ló sì fẹ́ lé mi jáde nínú rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti wà lọ́jà tipẹ́, orí ọmọ ti wọ́. Ẹ gbà wọ́n láyè."

Ó jókòó. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Ọ̀kín yí ojú sí Àwòdì. "Ìlú ni wọ́n ń san tata wọ̀nyí fún, àbí ìwọ?"

Àwòdì wo èékánná ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun ní. Èsì nìyẹn, gbogbo ìgbìmọ̀ sì gbọ́ ọ.

Ọba ní, "Ohun tí à ń gbà fún àlejò, tí à ń fi du ọmọ ilé, ìtìjú ni. Láti òní lọ, ẹ̀ka tútù tó bá lè gbé ìtẹ́ méjì, kó gbé méjì. Èyí tó bá lè gbé ogún, kó gbé ogún. Ẹ̀ka gbígbẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe débẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó oorun, kó san ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Arúgbó tó ń gbé inú ihò ara rẹ̀, ohun tó san léṣìí ni kó san."

Wàhálà kò ṣàì wà. Odídẹrẹ́ fi odidi oṣù kan ráhùn pé etí òun ń dun òun, Ẹ̀ga náà sì ń pariwo lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ pọ̀ sí i, ti ẹnìkọ̀ọ̀kan fúyẹ́, àká ọba sì kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òjò àkọ́rọ̀ bá Àwẹ̀ró nínú ihò kékeré. Ọkọ rẹ̀ fi amọ̀ dí ẹnu ihò náà gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn àtíòro, ó ṣẹ́ ihò tóóró kù tí wọ́n á máa ti oúnjẹ gbà. Ìyá Àtíòro tó ti ń múra à ti kúrò nílé kò kúrò mọ́. Òun ló ń ki ọ̀pọ̀tọ́ bọ ihò tóóró náà fún ọmọ rẹ̀, òun náà ló sì kọ́kọ́ gbọ́ igbe ọmọ-ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí kò ti balẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọba fi í ṣe ẹni tí yóò máa fi àyè han àwọn tó ń wọ̀lú.

Àwòdì ní òun kò lè bá aláriwo gbé. Ó kó lọ sórí ìrókò kan tó kù létí odò, ìlú àwọn ẹyẹ mìíràn, níbi tí wọ́n ṣì ń pa òfin àtijọ́ mọ́ dáadáa. Ìtẹ́ ọ̀wọ́n níbẹ̀, ó sì ń wọ́n sí i. Nígbà tí ọdún máa fi yípo, apá rẹ̀ kò ká ìṣákọ́lẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ó padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú òjò, ìyẹ́ rẹ̀ tutù pátápátá. Ó dúró lẹ́bàá Ìyá Àtíòro, kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè ṣì wà?"

Gbogbo Ẹ̀ga dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àgbà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀ka tó sún mọ́ ọn jù.

"Ẹ sún díẹ̀ fún un," ó ní. "Òjò ń pa á."