Ta Ni Yóò Jẹ Sàráà Kàsúmù?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé fífún ẹni tébi ń pa lóúnjẹ kò le, ẹ ní kó lọ bi Kàsúmù ará Kétu léèrè. Òun ló ń tọ́jú àká tí àwọn mùsùlùmí ń kó àgbàdo sàká sí lẹ́yìn ìkórè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sí ẹni tó ń bá jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ a máa tètè dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira ni wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ́ẹ̀. Kámíọ́ ń já wọn sílẹ̀ lọ́jà Kétu pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n rí gbé. Ẹni tó ní ẹbí rí ilé wọ̀. Àwọn tí kò rí ẹni kankan wà lábẹ́ àtíbàbà ilé-ìwé, Rosalie àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Kpankou, nítòsí Kétu, ni àwọn òbí obìnrin yìí ti lọ sí Nìjẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Nígbà tóun fi padà wá, àlàpà ló bá nílé bàbá rẹ̀. Sidonie, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ti rù débi pé ẹkún rẹ̀ ò jáde síta mọ́.

Àgbàdo kún àká, ebi ń pa ọmọ. Kí ló tún kù? Kàsúmù tọ Alfa Gbàdàmọ́sí lọ pé òun fẹ́ ṣí àká fún wọn.

"Onígbàgbọ́ ni Rosalie," ni Alfa wí. "Sàká ní àwọn tó ni ín. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, n ò sì ní yí i padà. Sàráà ni kó o ṣe fún un. Sàráà ò yan ẹ̀sìn."

"Alfa, oúnjẹ ṣáà ni méjèèjì."

"Àníyàn wọn yàtọ̀! Sàká, dandan ni. Sàráà, láti ọkàn ni. Máa lọ, má fi ìbéèrè fọ́ mi lórí."

Kàsúmù délé, ó bá Àbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń fi aṣọ tútù nu ara Wùmí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó ti pẹ́ tí ibà ti dá ọmọ náà dùbúlẹ̀. Bí Àbẹ̀bí ṣe gbọ́ pé sàráà, ńṣe ló dìde fùú.

"Bàbá Wùmí, ẹ jẹ́ ká fi tọrọ àlàáfíà fún ọmọ wa. Gbogbo ẹ̀wà tó kù nílé ni màá sè."

Ta ni ò mọ̀ pé sàráà a máa lé ibi lọ? Nígbà tí ẹ̀wà jinná, Kàsúmù gbé ọwọ́ lé ìkòkò, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣe àdúà, ó gbé e rù, ó di ilé-ìwé.

"Ẹ wá gba sàráà o!" ló fi dé ọ̀hún. Ẹ ò rí i bí? Ta ló rán an níṣẹ́? Ká ní ó pa ẹnu mọ́ ni, wọn ì bá ti jẹun tán. Ọwọ́ àwọn ọmọ ti wọ ìkòkò nígbà tí Rosalie bèèrè pé, "Bàbá, ta ni ara rẹ̀ ò yá nílé yín?"

"Ọmọ mi ni," ni òpè èèyàn dáhùn. "Ibà ló ń ṣe é."

Wéré ni Rosalie fa ọwọ́ àwọn ọmọ yọ. Ó tọwọ́ bọ ẹnu Sidonie, ó yọ ẹ̀wà tó wà níbẹ̀ dànù. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ ṣeun. Àmọ́ bàbá mi kọ́ mi pé ẹni tó bá jẹ sàráà aláìsàn, ó ti bá a gba àìsàn ọ̀hún. Àwọn wọ̀nyí ò lókun tí wọ́n á fi gbà á."

Kàsúmù wò ó, ó wo ìkòkò. Ṣé kó ní ẹ̀bùn ni? Irọ́ ni, ó ti fi ṣe àdúà. Ṣé kó gbé e padà sílé? Sàráà tí wọ́n kọ̀, kí ló ń bá a bọ̀ wálé? Ṣé kó lọ ṣí àká? Alfa ti ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà ń tutù, Sidonie sì ń lá ìka rẹ̀. Ojú ti Kàsúmù, inú bí i, kò sì mọ ẹni tí òun ń bínú sí.

Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bu ẹ̀wà sẹ́nu.

Ẹ gbà mí! Ẹni tó ṣe sàráà kì í jẹ níbẹ̀, ọmọdé Kétu pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àìsàn tó fẹ́ lé jáde ló tún ń gbé mì yẹn. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó tún bu òmíràn.

"Kì í ṣe sàráà mọ́," ló ń wí. "Mo ti gbà á padà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹun."

Rosalie mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe. Abiyamọ lòun náà. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó tún bu òmíràn.

"Ó tó, bàbá. Ẹ tu tẹnu yín dànù." Ó fa ìkòkò sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ohun tí a rù bọ̀ láti Nìjẹ́ẹ̀ wúwo ju ibà lọ. Ẹ fi ti ọmọ yín kún un. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Wùmí."

"Wùmí á dìde." Ó bu ẹ̀wà, ó fi sẹ́nu Sidonie.

"Àmín," ni Kàsúmù wí, pẹ̀lú ẹ̀wà lẹ́nu, kò sì mọ̀ bóyá kí òun gbé e mì ni àbí kí òun tu ú.